Ohun Iyebíye: Àwọn Ọ̀rọ̀ tí Ó Jọra àti Bí A Ṣe Ń Lò Wọ́n

Ní ọjọ́ kan, mo bá ẹbí ọkọ lọ sí ibi ìdána. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà láàrin wa, àbúrò ọkọ ìyàwó ni, ó sì ti kọ́ Yorùbá lọ́wọ́ mi rí. Nígbà tí wọ́n ní kí ó sọ̀rọ̀ ìdúpẹ́, ó dọ̀bálẹ̀, ó kí àwọn àna bí ó ti tọ́ àti bí ó ti yẹ, ó wá wí pé: “Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, a mọ̀ pé ìyàwó tí ẹ fún wa yìí gbówó lórí púpọ̀.”

Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Bàbá ìyàwó ti ka owó orí náà tán, ó sì ti dá a padà fún wa, bí ọ̀pọ̀ ìdílé ti máa ń ṣe, pé àwọn kò ta ọmọ. Ó wo ọmọkùnrin náà títí, ó ní, “Èló ni a tà á fún yín?”

Ọmọ náà kò ní èrò búburú lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ ńlá ni ó ń wá, èyí tí ó kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu ni ó sì sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjà ni ó gbé wọ ilé àna. Ìyá àgbà kan ní ìhà tiwa ni ó gbà á sílẹ̀. Èmi yóò sọ ohun tí ìyá náà wí nígbà tí a bá dé ibẹ̀. Ní báyìí, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a yẹ irú àwọn ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Bí a bá tú “gbówó lórí” palẹ̀, “gbé owó ní orí” ni. Ohun tí ó gbówó lórí ní ẹni tí ń tà á, ó ní ẹni tí ń rà á, iye kan sì wà tí àwọn méjèèjì yóò jọ fi ẹnu kò sí. Aṣọ sányán gbówó lórí. Ilé kíkọ́ gbówó lórí. Kò sí àbùkù nínú ọ̀rọ̀ náà bí ó bá wà ní àyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé “owó” àti “orí” tí ó wà nínú rẹ̀ náà ni ó wà nínú “owó orí”. Ẹni tí ó bá sọ ọ́ níbi ìdána dà bí ẹni tí ń ráhùn pé owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ òun ti pọ̀ jù.

“Wọ́n” ni ó ṣòro jù nínú gbogbo wọn, òun náà ni mo sì fẹ́ràn jù. Ohun tí ó wọ́n ni ohun tí a kò rí tó. Láti inú àìrí yìí ni ó ti di ọ̀rọ̀ owó, nítorí pé ohun tí kò bá kárí, owó rẹ̀ a máa gòkè. Òdìkejì rẹ̀ ní ẹnu àwọn àgbà ni “pọ̀”. Bí ìyá kan bá ti ọjà dé tí ó ní iṣu pọ̀ lónìí, ó lè jẹ́ pé owó pọ́ọ́kú ni ó fi rà á. Orí èyí ni òwe wa dúró lé: Ọ̀wọ́n là ń ra ògo, ọ̀pọ̀ là ń ra ọ̀bùn. Síbẹ̀, bí a bá kí ọ̀rẹ́ tí a kò rí tipẹ́ pé “Ojú rẹ mà wọ́n o”, kò sí ẹni tí yóò béèrè pé èló ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni nígbà tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yín pé “Bàbá mi ọ̀wọ́n”: ẹni tí irú rẹ̀ kò pọ̀, tí ó ṣọ̀wọ́n, ni ẹ ń pè é.

Ọdún 2023 fi ìyàtọ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí hàn wá ní Nàìjíríà. Ní oṣù kejì ọdún náà, nígbà tí a ń pààrọ̀ owó àtijọ́ sí tuntun, owó náírà fúnra rẹ̀ wọ́n. Àwọn ènìyàn tò síwájú báǹkì láti òwúrọ̀, àwọn mìíràn sì ń fi owó ra owó lọ́wọ́ àwọn oní-POS. Epo bẹntiróòlù pẹ̀lú wọ́n ní ìgbà náà, ọkọ̀ a sì tò lọ súà ní ilé epo. Nígbà tí ó di ìparí oṣù karùn-ún tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo kúrò, iye tí ìjọba ń ta lítà kan fò láti ìsàlẹ̀ ₦200 kọjá ₦480. Láìpẹ́, ìlà ọkọ̀ túká. Epo wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbówó lórí. Mo mọ̀ pé “ọ̀wọ́n epo” ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe méjèèjì, n kò sì ní bá wọn jà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yà wọ́n sọ́tọ̀ nínú àròkọ yín, òǹkàwé yóò mọ irú ìyà tí ó jẹ àwọn ènìyàn, bóyá ìyà àìrí ni tàbí ìyà àìlówó.

Ohun tí ó “níye lórí” lè má sí ní ọjà rárá. Ní 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, gbẹ́ ilẹ̀ ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, ó sì rí àfọ́kù ìkòkò tí gíláàsì ti gan mọ́ nínú. Kò sí aláta tí yóò gba irú àfọ́kù bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ yín. Síbẹ̀ wọ́n níye lórí, nítorí pé láti ara wọn, àti láti ara èyí tí àwọn onímọ̀ hú lẹ́yìn náà, ni a fi mọ̀ pé àwọn ará Ifẹ̀ fúnra wọn ń ṣe gíláàsì ìlẹ̀kẹ̀ kí àwọn Potogí tó dé etíkun wa.

“Iyì” ní tirẹ̀, ojú àwọn ènìyàn ni ó ń gbé. Ọkùnrin kan lè wọ aṣọ tí ó gbówó lórí kí òun fúnra rẹ̀ má sì níyì.

Ó wá ku “iyebíye”. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpolówó; n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni kiri gààrí iyebíye. Bíbélì Yorùbá lò ó fún òkúta tí a fi ń ṣe ọ̀ṣọ́; àwa a máa lò ó fún ẹ̀mí, fún ọmọ àti fún orúkọ rere. Ẹ má ṣe ṣì í kọ sí “iyekíye”, èyí tí ó jẹ́ iye yòówù kí ó jẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ ọ́ sí mi nínú ìwé ìdánwò pé, “Ẹni iyekíye ni ìyá mi.” Mo fa ìlà pupa sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò jẹ́ kí ìlà náà gún.

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ìyá àgbà náà lò níbi ìdána. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àna wa, ẹ má bínú. Ìtìjú ni ó mú ọmọ yìí ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ohun iyebíye ni ó fẹ́ wí. Bí ó bá ṣe pé owó ni a fi ń rí irú ọmọ yín, àwa kọ́ ni ì bá kàn.” Bàbá ìyàwó rẹ́rìn-ín, ó sì ní kí ọmọkùnrin náà dìde.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Ẹ kọ lẹ́tà ojú ewé kan sí ẹ̀gbọ́n yín tí ó fẹ́ ta ilẹ̀ tí bàbá yín fi sílẹ̀, kí ẹ sì rọ̀ ọ́ pé kí ó má ta á. Ẹ lo wọ́n, gbówó lórí, níye lórí, iyì àti iyebíye nínú rẹ̀. Bí ẹ bá lo méjì nínú wọn fún ohun kan náà, ẹ múra láti sọ ìdí rẹ̀ nígbà tí olùkọ́ bá pè yín síwájú.