Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Kò Tó fún Ẹ̀rọ
Ẹ̀kọ́ lórí bí a ṣe ń sọ ìráhùn oníbàárà di iṣẹ́ fún aṣojú AI

Àwọn àgbà wa máa ń wí pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Orí òwe yìí ni mo fẹ́ gbé ẹ̀kọ́ wa ti àjọ̀dún yìí kà, nítorí pé òṣìṣẹ́ tuntun kan ti dé sáàárín wa tí òwe náà kò bá mu. Òun náà ń gba àbọ̀ ọ̀rọ̀, àbọ̀ ọ̀rọ̀ náà sì ń di odindi nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n odindi tí ó ń dà kì í fi ìgbà gbogbo jẹ́ èyí tí ó wà lọ́kàn ẹni tí ó rán an níṣẹ́.

Ta ni òṣìṣẹ́ náà?

Òṣìṣẹ́ tí mò ń wí ni aṣojú AI tí ń kọ kóòdù. Ní ọdún 2021 ni GitHub Copilot kọ́kọ́ jáde, tí ó ń dá àbá ìlà kóòdù tí ó kàn fún ẹni tí ń kọ ọ́ lọ́wọ́. Nígbà tí ó di ọdún 2025, irú Claude Code ti ilé-iṣẹ́ Anthropic dé, èyí tí a lè rán níṣẹ́ kí a sì yí ojú sí ibòmíràn. Yóò ka àwọn fáìlì tí ó para pọ̀ di ètò kọ̀ǹpútà, yóò pinnu èyí tí yóò yí padà, yóò kọ kóòdù, yóò dán an wò, yóò sì jábọ̀.

Ṣùgbọ́n kò sí ní ọjà. Kò rí ojú oníbàárà. Ohun tí a bá ènìyàn sọ lánàá, kò mọ̀ ọ́n àfi bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Ohun tí a kò bá sọ, ó lè fi àbá dí àlàfo rẹ̀, kí ó sì fi ìdánilójú jábọ̀ pé iṣẹ́ ti parí. Ní ọdún 1986, kí irú ẹ̀rọ yìí tó wà, ọ̀mọ̀wé Fred Brooks ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ṣàlàyé nínú àròkọ rẹ̀, No Silver Bullet, pé ohun tí ó le jù nínú ṣíṣe ètò kọ̀ǹpútà ni láti pinnu ohun tí a fẹ́ ṣe gan-an. Ẹ̀rọ ti gba púpọ̀ nínú kíkọ kúrò lọ́wọ́ wa. Pípinnu ṣì wà lọ́rùn wa.

Owó tí ń dín lálaalẹ́

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ àṣìṣe ara mi. Mo ṣe ètò kan sórí fóònù fún ìyá oníṣòwò kan tí ń ta aṣọ. Ó ní ṣọ́ọ̀bù méjì. Ọmọbìnrin kan ni ó ń bá a tajà ní èkejì. Ní ọjọ́ kan, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi pé: “Ọmọ mi, ètò tí o ṣe fún mi yìí ń sọ ohun tí kò yé mi o. Lálaalẹ́ ni owó inú àpótí ń dín sí èyí tí ó wà lójú fóònù. Bóyá ètò rẹ ni kò mọ ìṣirò, bóyá ọmọ yìí ni ó ń jí mi lówó. Bá mi tún un ṣe kíákíá.”

Mo kọ ọ̀rọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí ó ti wí, mo sì gbé e fún aṣojú AI pé kí ó tún un ṣe. Ó wá inú kóòdù, ó rí ibi tí a ti ń ṣírò kọ́bọ̀ mọ́ náírà, ó rò pé ibẹ̀ ni àṣìṣe wà, ó yí i padà, gbogbo ìdánwò sì yege. Mo ránṣẹ́ sí ìyá náà pé ètò ti péye. Ẹ kíyè sí ohun tí ọ̀rọ̀ mi túmọ̀ sí létí rẹ̀: bí ètò bá ti péye, a jẹ́ pé ọmọbìnrin náà ni olè. Nígbà tí owó tún dín ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ó sọ fún ọmọ náà pé bí ọ̀sẹ̀ bá ti parí, kí ó má padà wá mọ́.

Ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo gbọ́. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà, mo sì jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀. Nígbà tí ó di ọ̀sán, obìnrin kan wá ra aṣọ ₦30,000. Ó san ₦20,000, ó ní òun yóò mú ìyókù wá ní ìparí oṣù. Ọmọbìnrin náà tẹ bọ́tìnì “Ó ti rà á”, ètò mi sì kọ ₦30,000 sílẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi kọ iye tí obìnrin náà san. Ó dáhùn pé: “Bọ̀ọ̀dá, bọ́tìnì kan ṣoṣo ni ẹ ṣe síbẹ̀.” Ó sì na ìwé kékeré kan sí mi, èyí tí ó ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó ra ọjà láwìn sí, àti iye tí ó kù lọ́rùn oníkálukú. A ṣírò rẹ̀. Ó bá owó tí ń dín mu, kò lé, kò dín.

Ìyá náà mọ̀ pé àwọn ń tajà láwìn. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ètò mi kò mọ àwìn. Ọmọbìnrin náà mọ méjèèjì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó bi í. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, ọmọ náà sì dúró sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà tí a ti wà ní kíláàsì kìíní ni a ti ń kọ́ wa pé Òfin Mẹ́wàá lòdì sí ẹ̀rí èké. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ènìyàn lè fi iṣẹ́ tí kò yẹ̀ wò jẹ́rìí èké mọ́ ọmọlákejì rẹ̀.

Ìráhùn kì í ṣe iṣẹ́

Nehemáyà ni olùkọ́ wa nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ààfin Ṣúṣánì ni ó wà nígbà tí Hánánì àti àwọn ará Júdà mú ìròyìn wá fún un pé odi Jerúsálẹ́mù ti wó, iná sì ti jó àwọn ẹnubodè rẹ̀. Ìráhùn ni èyí. Kò tíì sí iṣẹ́ nínú rẹ̀ tí a lè gbé lé bíríkìlà lọ́wọ́. Ẹ ka orí kejì ìwé rẹ̀. Nígbà tí ó dé Jerúsálẹ́mù, ó lo ọjọ́ mẹ́ta, ó dìde ní òru pẹ̀lú ìwọ̀nba ènìyàn, ó sì yẹ odi náà wò fúnra rẹ̀ kí ó tó sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ fún àwọn ìjòyè.

Ẹ wá ka orí kẹta, ẹ ó rí i pé odi ńlá náà ti di apá kéékèèké. Élíáṣíbù àti àwọn àlùfáà gba Ẹnubodè Àgùntàn, àwọn mìíràn gba Ẹnubodè Ẹja, àwọn kan sì tún ibi tí ó kọjú sí ilé wọn ṣe. Nígbà tí orí náà ń sọ ti àwọn ẹnubodè, léraléra ni ó ń mẹ́nu kan ìlẹ̀kùn, ìdè àti ọ̀pá ìdábùú tí a gbé sí wọn. Àmì ìparí iṣẹ́ nìyẹn. Ọjọ́ 52 ni wọ́n fi parí odi náà.

Ìgbésẹ̀ márùn-ún

Èkíní, ẹ kọ ọ̀rọ̀ oníbàárà sílẹ̀ bí ó ti sọ ọ́, pẹ̀lú ọjọ́ tí ó sọ ọ́, irú fóònù tí ó ń lò àti ibi tí ó wà nínú ètò náà. Ṣùgbọ́n ẹ yọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn ènìyàn kúrò kí ẹ tó gbé e fún ẹ̀rọ. Orílẹ̀-èdè wa ti ṣe òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ara ẹni ní ọdún 2023. Ìwà ọmọlúàbí sì ti wà ṣáájú òfin.

Èkejì, ẹ ya àrùn sọ́tọ̀ kúrò lára oògùn. Oògùn ni oníbàárà sábà máa ń dárúkọ: “Ẹ sọ bọ́tìnì yìí di ńlá.” Ẹ bi í ní ohun tí ó ń gbìyànjú láti ṣe. Ó lè jẹ́ pé àwọ̀ bọ́tìnì náà ni ó jọ ti ẹ̀yìn rẹ̀. Bí a bá sọ ọ́ di ńlá, yóò di ńlá tí kò hàn. Ẹ má sì ṣe bi ẹni tí ó ń sanwó nìkan. Ẹ bi ẹni tí ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lò ó.

Ẹ̀kẹta, ẹ lọ wò ó fúnra yín. Ẹ ṣe gbogbo ohun tí oníbàárà ṣe, títí àṣìṣe náà yóò fi ṣẹlẹ̀ lójú yín. Àṣìṣe tí a kò rí nígbà tí ó wà, a kò lè mọ̀ nígbà tí ó lọ.

Ẹ̀kẹrin, ẹ pín in. Ìráhùn kan lè ní ohun mẹ́rin nínú: àṣìṣe inú kóòdù, ohun tuntun tí oníbàárà ń fẹ́, ohun tí a kò kọ́ ọ bí a ṣe ń lò, àti ohun tí kì í ṣe ti ètò náà rárá, bí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò dúró. Méjì àkọ́kọ́ ni ti aṣojú AI. Ti ènìyàn ni ìyókù. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ sì rán an lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá rán an ní mẹ́ta pọ̀ tí nǹkan sì bàjẹ́, ẹ ó máa wá èyí tí ó bà á jẹ́ kiri.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ kọ iṣẹ́ náà ní odindi. Báyìí ni mo ṣe kọ ti ìyá aláṣọ nígbẹ̀yìn:

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà: ojú-ewé tí a ti ń kọ ọjà tí a tà.
Ohun tí ń ṣẹlẹ̀: bí olùrà bá san díẹ̀ nínú owó ọjà, ètò ń kọ ọ́ bí ẹni pé ó san gbogbo rẹ̀.
Ohun tí ó yẹ: kí àyè wà láti kọ iye tí a gbà, kí ìyókù sì di gbèsè lórúkọ olùrà.
Ohun tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn: iye owó ọjà, àti àkọsílẹ̀ gbogbo ọjà tí a ti tà ṣáájú.
Àmì ìparí: bí a bá ta aṣọ ₦30,000 tí a gba ₦20,000, kí owó àpótí ọjọ́ náà fi ₦20,000 hàn, kí gbèsè sì jẹ́ ₦10,000. Bí olùrà bá san ₦10,000 lọ́jọ́ kejì, kí gbèsè di òdo, kí ₦10,000 wọ owó ọjọ́ kejì, kí owó ọjọ́ kìíní má sì yí padà.

Ẹ wo ìlà kẹrin dáadáa, nítorí òun ni a sábà máa ń gbàgbé. Ẹni tí a rán láti tún òrùlé ṣe kò gbọdọ̀ wó ògiri, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí a kò kìlọ̀ fún lè wó o bí ó bá rí i pé ògiri ni ó dí òun lọ́nà.

Nígbà tí iṣẹ́ bá dé

Ẹ má ṣe fi ìjábọ̀ aṣojú náà ṣe òpin. Ẹ ka ohun tí ó yí padà; ẹ fi ọwọ́ ara yín dán àmì ìparí wò; kí ẹ sì padà tọ ẹni tí ó ráhùn lọ. Òun ni ó lè sọ pé ìráhùn ti tán. Nígbà tí mo gbé ètò náà padà, ọmọbìnrin inú ṣọ́ọ̀bù ni mo kọ́kọ́ fi hàn. Ó fi orúkọ mẹ́ta láti inú ìwé kékeré rẹ̀ dán an wò kí ó tó gbà fún mi.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ wa, ẹ kò ní pẹ́ bá àwọn òṣìṣẹ́ tuntun wọ̀nyí pàdé, bí ẹ kò bá tíì bá wọn pàdé. Ẹ rántí ohun tí àwọn olùkọ́ wa máa ń sọ nígbà ìdánwò àkàyé: ẹ ka ìbéèrè lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó dáhùn. Bí a bá rán ènìyàn níṣẹ́ ẹrú, ó lè fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ má ṣe fi èyí sílẹ̀ fún ẹ̀rọ. Ẹ̀yin ni kí ẹ fi tọmọ rán an. Kí Ọlọ́run tí ó fún Sólómọ́nì ní ọkàn tí ó ń gbọ́ràn fún wa ní irú rẹ̀.

Ìbéèrè fún àṣàrò

1. Kí ni Nehemáyà ṣe láàárín ìgbà tí ó gbọ́ ìròyìn àti ìgbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀? Èwo nínú wọn ni ẹ sábà máa ń fò?
2. Nínú ìtàn ṣọ́ọ̀bù aṣọ, ta ni ó mọ òtítọ́, kí sì ni ìdí tí a kò fi tètè bi í?
3. Olùtọ́jú ilé-ìkàwé kan wí pé: “Ètò yìí kò dára, àwọn ọmọ kì í dá ìwé padà.” Ẹ kọ ìbéèrè mẹ́ta tí ẹ ó bi í kí ẹ tó kọ ohunkóhun fún aṣojú AI.