Ẹ má gé ewé ọjá ìkòokò aláwọ̀ méjì gbìn, ọmọ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa pín

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta òdòdó lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ẹ́ bẹ̀rẹ̀ okòwò náà, ọ̀rọ̀ yín la fẹ́ẹ́ sọ lónìí. Ta ni kò mọ ọjá ìkòokò, ewé gígùn tó máa ń dúró ṣánṣán bí idà? Apá ibí yìí nílẹ̀ Áfíríkà, láti Nàìjíríà dé Congo, ló ti ṣẹ̀ wá. Sansevieria lọ̀pọ̀ òǹtajà ń pè é. Láti ọdún 2017 làwọn onímọ̀ ti kó o sábẹ́ Dracaena, ṣùgbọ́n nǹkan kan náà ni.

Èyí tó jẹ́ àwọ̀ ewé nìkan wọ́pọ̀. Aláwọ̀ méjì làwọn oníbàárà ń wá. Laurentii ní ìlà yẹ́lò létí ewé. Bantel's Sensation, tí Gustav Bantel gba ìwé ẹ̀tọ́ lé lórí l'Amẹ́ríkà lọ́dún 1948, ní ìlà funfun tóóró-tóóró láti ìsàlẹ̀ dókè. Èyí ló ṣọ̀wọ́n jù, torí kì í tètè dàgbà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í

Téèyàn bá gé ewé ọjá ìkòokò sí ọ̀nà mẹ́rin, tó rì í mọ́ yanrìn, yóò ta gbòǹgbò, yóò sì yọ ọmọ. Lójú oníṣòwò, èrè ńlá nìyẹn. Àmọ́ bó bá jẹ́ aláwọ̀ méjì, ọmọ tó máa yọ kò ní í ní ìlà kankan lára.

Ká ní òtẹ́ẹ̀lì kan san àsansílẹ̀ fún ìkòkò Laurentii 20, tẹ́ ẹ wá lọ gé ewé gbìn. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù, aláwọ̀ ewé lásán lẹ máa kó jáde. Ẹ ó dá owó olówó padà, orúkọ yín á sì bàjẹ́.

Ohun tó fà á ni pé oríṣìí ara méjì ló so pọ̀ nínú ewé náà: èyí tó ní àwọ̀ ewé, àtèyí tí kò ní. Tẹ́ ẹ bá gé ewé gbìn, inú ara tó ní àwọ̀ ewé lọmọ tuntun ti máa ń hù.

Bẹ́ ẹ ṣe máa pín in

Ẹ ṣe é báwọn àgbẹ̀ ṣe ń ṣe ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ẹ̀gbẹ́ ìyá ní ewé mẹ́ta, ó kéré tán. Ẹ yọ gbogbo rẹ̀ kúrò nínú ìkòkò, kẹ́ ẹ gbọn iyẹ̀pẹ̀ dànù. Ẹ fi ọ̀bẹ tẹ́ ẹ ti fi sípíríìtì nù gé ibi tó nípọn tó so ìyá pọ̀ mọ́ ọmọ, kí gbòǹgbò díẹ̀ wà lára ọmọ. Ẹ fi í síbi òjìji fún ọjọ́ méjì kí ojú ọgbẹ́ gbẹ, kẹ́ ẹ tó gbìn ín. Ó di bí ọ̀sẹ̀ kan kẹ́ ẹ tó bomi rin ín.

Ìtọ́jú rẹ̀

Ẹ po iyẹ̀pẹ̀ àti yanrìn ní ìlàjì-ìlàjì, kẹ́ ẹ fi èédú fífọ́ díẹ̀ sí i. Ìkòkò gbọ́dọ̀ ní ihò nídìí. Omi ni ọ̀tá rẹ̀ tó burú jù, torí ewé rẹ̀ ń tọ́jú omi pamọ́. Ẹ ki ìka bọ iyẹ̀pẹ̀. Bó bá ṣì tutù, ẹ má bomi sí i. Nígbà òjò, ẹ gbé e sábẹ́ òrùlé, kí ìdí rẹ̀ má baà jẹrà.

Ó fẹ́ ìmọ́lẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n oòrùn ọ̀sán gangan lè jó ibi tó funfun. Bí ọmọ aláwọ̀ ewé bá yọ láàárín aláwọ̀ méjì, ẹ yọ ọ́ kíá, torí yóò yára dàgbà ju ìyókù lọ. Ẹ tún kìlọ̀ fún oníbàárà pé kí ọmọdé àti ajá má ṣe jẹ ewé náà, torí ó ní májèlé.

Lákòótán, ẹ má ta gbogbo ìyá nítorí owó ọ̀sán. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ ní í rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá ta ìyá kó tó bímọ, kí ló fẹ́ẹ́ tà lọ́dún tó ń bọ̀?