Ibi tí Tíọ́rì Ìtúmọ̀ Èdè Lè Mú Wa Dé

Ìbéèrè kan wà tí ẹnikẹ́ni tí ó bá fi ọwọ́ kan iṣẹ́ títúmọ̀ Ìwé Mímọ́ kò lè ṣàì bá pàdé: ṣé ọ̀rọ̀ ni kí á túmọ̀ ni, àbí èrò tí ó wà nínú ọ̀rọ̀? Àwọn ọ̀mọ̀wé ti kọ ìwé púpọ̀ láti dáhùn ìbéèrè yìí, ètò èrò tí wọ́n sì tò kalẹ̀ ni a ń pè ní tíọ́rì ìtúmọ̀ èdè. Àwọn kan a máa sọ̀rọ̀ nípa tíọ́rì bí ẹni pé òun ni yóò bá wa ṣe iṣẹ́ náà; àwọn mìíràn kò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ sétí. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó wo ohun tí tíọ́rì wà fún, a ó sì wo ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí Bíbélì yín wà nítòsí, nítorí a ó ní kí ẹ ṣí i.

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹjọ́ ni ó bí púpọ̀ nínú àwọn tíọ́rì wọ̀nyí. Ní nǹkan bí ọdún 395, wọ́n fi ẹ̀sùn kan Jerome pé ó ṣi lẹ́tà Bíṣọ́ọ̀bù Epiphanius túmọ̀ láti èdè Gíríìkì sí èdè Látìnì. Jerome kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Pammachius láti fi wẹ ara rẹ̀ mọ́. Ó ní èrò ni òun máa ń túmọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ó yọ Ìwé Mímọ́ sílẹ̀, níbi tí ó ní ètò ọ̀rọ̀ pàápàá jẹ́ ohun ìjìnlẹ̀. Ní ọdún 1530, Martin Luther náà kọ lẹ́tà fún gbogbo ayé, nítorí wọ́n bá a wí pé ó fi ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí “nìkan” kún Róòmù 3:28, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kò sí nínú Gíríìkì. Ó dáhùn pé bí ará Jámánì ti ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, àti pé ẹni tí ó bá fẹ́ mọ èdè náà, kí ó lọ tẹ́tí sí ìyá nínú ilé, ọmọdé ní ìgboro àti mẹ̀kúnnù ní ọjà. Àwọn méjèèjì ti ṣe iṣẹ́ wọn kí wọ́n tó kọ ìlànà rẹ̀. Èyí kì í ṣe àbùkù. Ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo ìjọ gbọ́dọ̀ lè sọ ìdí tí òun fi ṣe é bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ni ó mọ bí a ti ń ròyìn iṣẹ́.

Ní ọ̀rúndún tí ó kọjá, ẹni tí orúkọ rẹ̀ rinlẹ̀ jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí láàrin àwọn Ẹgbẹ́ Bíbélì ni Eugene Nida, ọmọ Amẹ́ríkà. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú Ẹgbẹ́ Bíbélì ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 1943, ó sì rin ìrìn àjò dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ láti bá àwọn olùtúmọ̀ jókòó lórí iṣẹ́ wọn. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1964, àti èyí tí òun àti Charles Taber jọ kọ ní 1969, ó ya oríṣi ìtúmọ̀ méjì sọ́tọ̀. Nínú èkíní, olùtúmọ̀ ń wá ìdọ́gba ti ìrísí: ó ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ àti ètò gbólóhùn èdè àkọ́kọ́. Nínú èkejì, ìdọ́gba ti ipa ni ó ń wá: kí ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹni tí ó ń gbọ́ ọ lónìí bí ó ti ṣe àwọn tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Èkejì yìí ni Nida fara mọ́.

Ire tí ó ti inú ẹ̀kọ́ yìí jáde kò kéré. Ìgbìmọ̀ olùtúmọ̀ a máa kó ènìyàn láti inú ìjọ púpọ̀ àti ìlú púpọ̀ jọ. Bí ará Ìjẹ̀bú ti ń sọ nǹkan lè máà dùn létí ará Ọ̀yọ́. Bí kò bá sí òṣùwọ̀n kan tí gbogbo wọn fọwọ́ sí, ẹni tí ohùn rẹ̀ ga jù ni yóò máa borí. Tíọ́rì a sì máa la olùtúmọ̀ lójú sí ìbéèrè tí ì bá fò dá.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á fi òṣùwọ̀n náà wọn ẹsẹ kan. Ní Róòmù 16:16, Pọ́ọ̀lù sọ fún àwọn onígbàgbọ́ pé kí wọ́n máa fi ẹnu ko ara wọn lẹ́nu bí wọ́n bá ń kí ara wọn, kí ó sì jẹ́ ní mímọ́. J. B. Phillips, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ ọ́ di pé kí wọ́n fi ọ̀yàyà bọ ara wọn lọ́wọ́, Nida sì yìn ín fún èyí. Bí àwa náà bá fẹ́ tọ ọ̀nà yìí, kí ni a ó kọ? Ìkíni tí ó jinlẹ̀ jù lọ láàrin wa ni ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọdé ní í dọ̀bálẹ̀ fún àgbà. Àgbà kì í dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé. Pọ́ọ̀lù sì ní kí wọ́n kí ara wọn, olúkúlùkù sí ẹnì kejì rẹ̀. Bí a bá fi ìdọ̀bálẹ̀ rọ́pò rẹ̀, ìkíni náà yóò mọ́ wa lára lóòótọ́, ṣùgbọ́n a ó ti ya àgbà sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọdé níbi tí Pọ́ọ̀lù kò ti yà wọ́n. Ipa tí a ń lé yóò ti bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Àti pé, ta ni nínú wa ni ó wà ní Róòmù lọ́jọ́ náà, tí ó rí ojú àwọn tí a ka lẹ́tà náà sí létí?

Ọ̀mọ̀wé mìíràn wà tí mo rò pé ó wúlò fún olùtúmọ̀ Yorùbá ju Nida lọ. Roman Jakobson ni, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà tí ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Amẹ́ríkà. Ohun tí ó fi yé wa ní 1959 ni pé kì í ṣe ohun tí èdè lè sọ ni ó ya èdè kan sọ́tọ̀ sí èkejì, bí kò ṣe ohun tí kò gbọ́dọ̀ má sọ. Kò sí ohun tí Gíríìkì sọ tí Yorùbá kò lè wá ọ̀nà sọ. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tí Gíríìkì lè dákẹ́ lé lórí, tí Yorùbá kò ní jẹ́ kí á dákẹ́.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ àwọn tí a jọ bí. Gíríìkì ní ọ̀rọ̀ kan fún ọkùnrin, adelphos, kò sì béèrè ẹni tí a kọ́kọ́ bí. Nínú ilé Yorùbá, ẹ̀gbọ́n ni tàbí àbúrò. Níbi tí Ìwé Mímọ́ fúnra rẹ̀ ti sọ ẹni tí ó ṣáájú, bíi ti Káínì àti Ábẹ́lì, tàbí Ísọ̀ àti Jákọ́bù, kò sí wàhálà: kí á kọ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bí ọmọ Yorùbá ti ń sọ ọ́. Áńdérù àti Símónì Pétérù ńkọ́? Jòhánù 1:40 kò sọ ẹni tí ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n. Èyí ṣì kéré. Ní Gálátíà 1:19, Pọ́ọ̀lù pe Jákọ́bù ní adelphos Olúwa. Ìjọ Kátólíìkì ń kọ́ni pé Màríà kò bí ọmọ mìíràn, nítorí náà ìbátan Jésù ni Jákọ́bù. Àṣà àwọn ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ni pé ọmọ tí Jósẹ́fù ti bí tẹ́lẹ̀ ni. A jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n ni. Púpọ̀ nínú àwọn ìjọ Pùròtẹ́sítáńtì gbà pé Màríà bí i lẹ́yìn Jésù. A jẹ́ pé àbúrò ni. Olùtúmọ̀ tí ó bá kọ “ìbátan”, “ẹ̀gbọ́n”, “àbúrò” tàbí “ọmọ ìyá” ti dá ẹjọ́ tí àwọn ìjọ ti ń rò láti ọ̀rúndún kẹrin. Jerome tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan wà lára àwọn tí ó rò ó.

Ọ̀rọ̀ tí ó lè yọ wá ni “arákùnrin”. Ẹni tí ó bá di tíọ́rì ìdọ́gba ti ipa mú ṣinṣin yóò sọ pé èdè ilé ìjọsìn ni, pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn ń pe ẹni tí wọ́n jọ bí nínú ilé. Òtítọ́ ni. Síbẹ̀, òun nìkan ni ó mọ bí a ti ń dákẹ́ níbi tí Pọ́ọ̀lù dákẹ́ sí. Èrò tèmi ni pé kí á fi í sílẹ̀ níbẹ̀, bí kò tilẹ̀ dùn létí tó.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ tún le ju èyí lọ. Gíríìkì inú Májẹ̀mú Tuntun ní “ìwọ” fún ẹnì kan àti “ẹ̀yin” fún ọ̀pọ̀; kò lo “ẹ̀yin” láti fi bu ọlá fún ẹnì kan ṣoṣo. Bíbélì Mímọ́ ti 1884, tí a mọ orúkọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther mọ́, tẹ̀ lé Gíríìkì: ọmọ tí ó sọnù nínú Lúùkù 15 ń fi “rẹ” bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọmọ tí a kọ́ kì í sọ bẹ́ẹ̀. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń tọrọ àforíjì pẹ̀lú “rẹ” lẹ́nu, olùgbọ́ lè rò pé kò tíì ronú pìwà dà. Níhìn-ín, Nida jàre: “yín” ni ó tọ́ sí bàbá.

Ẹ wá ṣí Jòhánù 3. Ìjòyè àwọn Júù ni Nikodémù, ó sì jọ pé ó ti dàgbà, nítorí ọ̀rọ̀ arúgbó ni ó fi béèrè ìbéèrè. Nínú ilé wa, ọ̀dọ́mọkùnrin yóò fi “ẹ” bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ìṣòro dé ní ẹsẹ 7. Níbẹ̀, Jésù yí láti orí ẹnì kan sí orí ọ̀pọ̀: Nikodémù nìkan ni ó ń bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ kan gbogbo àwọn tí ó dà bíi Nikodémù. Bíbélì àtijọ́ fi “ọ” àti “yín” pa ìyàtọ̀ náà mọ́. Bí “yín” bá ti wà fún ọ̀wọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ta ni yóò mọ̀ pé ohun kan yí padà? Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Lúùkù 22:31-32. Nínú Gíríìkì, gbogbo àwọn ọmọ ẹ̀yìn ni Sátánì béèrè fún, ṣùgbọ́n Símónì nìkan ni Jésù sọ pé òun gbàdúrà fún. Ẹ wo ẹ̀dà tí ó wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ rí bóyá ó pa ìyàtọ̀ yìí mọ́.

Tíọ́rì kan náà tí ó jàre ní Lúùkù 15 ni yóò da ọ̀rọ̀ rú ní Jòhánù 3, kò sì sí ibi tí ó ti sọ fún wa bí a ó ti mọ ìgbà tí ó yẹ kí á gbọ́ tirẹ̀.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ìjà tí à ń tìtorí rẹ̀ wá tíọ́rì kò sí rárá. Nígbà tí àwọn ìwé Ìhìn Rere bá ń sọ pé àánú ṣe Jésù, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí wọ́n sábà ń lò wá láti ara orúkọ àwọn nǹkan tí ó wà nínú ikùn ènìyàn. Ẹni tí ó ń túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní láti yàn: bí ó bá mú ikùn, èdè rẹ̀ yóò ṣàjèjì, bí ó bá mú àánú, ikùn ti lọ. Ṣùgbọ́n inú Yorùbá a máa yọ́. Ẹni tí ó bá kọ “ìyọ́nú” ti tẹ̀ lé ọ̀rọ̀, ó sì ti tẹ̀ lé èrò, kò sì sí ẹni tí yóò bá a rojọ́.

Ààlà mìíràn tún wà. Tíọ́rì a máa wo èdè bí igbá tí ó dúró sójú kan, tí a kàn ń bu ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀. Ìtàn Bíbélì wa kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn olùtúmọ̀ àkọ́kọ́ bá “àlùfáà”, “wòlíì” àti “àdúrà” lẹ́nu àwọn Mùsùlùmí, wọ́n sì mú wọn lò. Lónìí, ọ̀pọ̀ Kristẹni kò mọ̀ pé a yá wọn ni. Wọ́n mú “Èṣù” fún ọ̀tá Ọlọ́run. Nínú ẹ̀sìn ìbílẹ̀, Èṣù ni ó ń gbé ẹbọ dé ọ̀dọ̀ Olódùmarè. Kì í ṣe ọ̀tá rẹ̀. Títí di òní, àwọn oníṣẹ̀ṣe ń fi ẹ̀hónú hàn pé a ba orúkọ òrìṣà wọn jẹ́, ẹjọ́ wọn kò sì ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ fi Bíbélì bi ọmọ Yorùbá èyíkéyìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ta ni Èṣù: ìtumọ̀ tí Bíbélì fún ọ̀rọ̀ náà ni yóò sọ. Ìtúmọ̀ ti yí èdè tí a túmọ̀ sí padà, ìdọ́gba tí a bá sì wọ̀n ní ìgbà ayé Crowther kò lè jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tí a ó wọ̀n lónìí.

Àwọn ọ̀mọ̀wé fúnra wọn ti rí díẹ̀ nínú èyí. Ní Jámánì, Hans Vermeer kọ ọ́ láti 1978 pé ohun tí a fẹ́ fi ìtúmọ̀ ṣe ni kí ó pinnu bí a ó ti ṣe é. Èyí bá wa ṣàlàyé ìdí tí Bíbélì Mímọ́ àti Ìròyìn Ayọ̀ fi lè wà nínú ilé kan náà láìsí pé ọ̀kan lé èkejì jáde. Ní 1991, Ernst-August Gutt lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó ní ìtúmọ̀ kò nílò tíọ́rì tirẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí ohun tí ó ń jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ara wọn yé ti tó láti ṣàlàyé rẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tí ó jókòó ti ẹsẹ kan láti òwúrọ̀ kò ní tìtorí ìyẹn dìde.

Ẹ padà sí Jòhánù 3 kí ẹ tó pa Bíbélì yín dé. Ní ẹsẹ 3, ọ̀rọ̀ Gíríìkì náà anothen ní ìtumọ̀ méjì: “lẹ́ẹ̀kan sí i”, àti “láti òkè”. Nikodémù gbọ́ èkíní, ó sì béèrè bí arúgbó yóò ti ṣe padà sínú ìyá rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan náà tún jáde ní ẹsẹ 31, “láti òkè” nìkan ni ó lè jẹ́. Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ kan tí ó gba méjèèjì. Bí a bá kọ “láti òkè” ní ẹsẹ 3, ìbéèrè Nikodémù yóò di ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Bí a bá kọ “tún bí”, òkè ti pòórá. Ìgbìmọ̀ lè fi “tún bí” sínú ẹsẹ, kí wọ́n sì kọ “láti òkè” sí ìsàlẹ̀ ojú ewé ní lẹ́tà kéékèèké.