Ìwé wo ni kí n rà fún wọn?

Ìbéèrè: Bísí mi jẹ́ ọmọ ọdún 8, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ 13. Fóònù nìkan ni wọ́n mọ̀. Ìwé tuntun wo ló lè fà wọ́n mọ́ra? Ìyá Bísí, Ìkòròdú.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ìyá Bísí. Fún Bísí, ẹ ra Too Small Tola tí Àtinúkẹ́ kọ, tó jáde ní 2020. Èkó níbí ni Tọ́lá ń gbé pẹ̀lú ìyá àgbà rẹ̀ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì. Òun ló kéré jù, síbẹ̀ òun ló ń gbé ẹrù ọjà wálé, òun náà ló gba iṣẹ́ là nígbà tí ẹsẹ̀ télọ̀ àdúgbò kán. Ìtàn mẹ́ta péré ni, àwòrán sì pọ̀ nínú rẹ̀. Bísí á parí ọ̀kan kó tó sùn.

Ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Children of the Quicksands tí Efua Traoré kọ, 2021. Wọ́n mú Simi, ọmọ inú ìtàn náà, kúrò l'Ékòó lọ sí abúlé ìyá àgbà tí kò mọ̀ rí. Ọ̀rọ̀ Ọ̀ṣun wà níbẹ̀. Àwọn òbí kan á fajú ro. Èmi ò rí ohun tó burú nínú kí ọmọ mọ ìtàn ilé wa.

Gẹ̀ẹ́sì ni méjèèjì o. Ẹ fi Kúyẹ̀ tí J. F. Ọdúnjọ kọ ní Yorùbá kún un. Ó ti pẹ́, 1964 ni, ṣùgbọ́n tuntun ni fún ẹni tí kò kà á rí. Ẹ kọ́kọ́ ka orí kìíní sókè fún wọn.