Àpótí Ìmọ̀: Àrùn Àjogúnbá Ajá Setter
Bí ikú ilé kò bá pani, ti òde kò lè pani: bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ Setter ilẹ̀ Ireland, arẹwà ajá onírun pupa, tí àbùkù àjogúnbá kan, nínú ara àwọn mìíràn lára wọn, kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì funfun, ọmọ-ogun ara, lè di ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ mú kí ó sì jáde lọ bá kòkòrò àrùn jà. Sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí pọ̀ rẹpẹtẹ nínú ẹ̀jẹ̀, síbẹ̀ ìdodo ọmọ ajá bẹ́ẹ̀ ń wú, èrìgì rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, ibà kò sì fi í sílẹ̀. Ó dunni pé ìfẹ́ ẹwà ló mú kí ènìyàn máa mú ìbátan gun ìbátan, tí àbùkù náà fi ń jáde lára ọmọ wọn. Láti ọdún 1999 tí a ti rí orísun àbùkù náà, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè fi ajá tí ó gbé e sára hàn, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ le koko.