Mọ Ìgbẹ́ Màlúù Kí O Tó Mọ Wàrà Rẹ̀

Àkànní ọmọ mi,

Ìyá rẹ sọ fún mi pé físà rẹ ti jáde, àti pé oko màlúù kan tó ní àmì Demeter ní gúúsù Jámánì lo ti fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọdún 11 ni mo lò ní agbègbè Allgäu yẹn nídìí àwọn màlúù aláwọ̀ eérú, mo mọ ibi tí o ń lọ. Ohun kan ṣoṣo ló ń kọ mí lóminú. Gbogbo ìgbà tí o bá pè mí, lítà lo máa ń béèrè: lítà wàrà mélòó ni màlúù kan ń mú wá lójúmọ́, eélòó ni wọ́n ń ta lítà kan. O ò tíì béèrè ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ wọn lọ́wọ́ mi rí.

Ìgbẹ́ ni kí o kọ́kọ́ kọ́. Wàrà á tẹ̀lé e.

Gbọ́ bí ọ̀rọ̀ Demeter ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1924, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Rudolf Steiner ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ fún àwọn àgbẹ̀ ní Koberwitz, abúlé kan nítòsí Breslau, ìlú tó ti di Wrocław ní Poland lónìí. Àwọn àgbẹ̀ náà ti ń ráhùn pé ilẹ̀ àwọn ń ṣá, irúgbìn àwọn ò lágbára mọ́, ẹran àwọn ń ṣàìsàn. Ó ní kí wọ́n máa wo oko bí ohun abẹ̀mí kan tó lè bọ́ ara rẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló kú, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di 1928, orúkọ Demeter ti wà lára ọjà àwọn tó gba ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nínú oko bẹ́ẹ̀, iye màlúù tí ilẹ̀ lè bọ́ ni à ń sìn. Màlúù á jẹ koríko, á dá a padà fún ilẹ̀, ilẹ̀ á tún hu koríko. Wàrà ni èrè tiwa láàárín wọn.

Nítorí náà, láàárọ̀, kí o tó fọwọ́ kan ọmú ẹnikẹ́ni nínú wọn, wo ilẹ̀. Ìgbẹ́ tó dára máa ń balẹ̀ pọ̀tọ̀, á tẹ́ pẹrẹsẹ, àárín rẹ̀ á jìn díẹ̀. Tó bá ń ṣàn bí ẹ̀kọ mímu tó ti ṣomi, tó ta sí ìrù àti itan, koríko ọ̀dọ́ ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, fún un ní koríko gbígbẹ. Tó bá le, tó ga gègèrè, lọ wo ọpọ́n omi. Màlúù kan lè mu tó 100 lítà lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú, bí ẹ̀rọ omi bá sì dí, kò lẹ́nu tí yóò fi sọ fún ọ. Tí o bá rí koríko gígùn nínú ìgbẹ́ bó ṣe wọlé ló ṣe jáde, kò jẹ àpọ̀jẹ tó. Wákàtí méje sí mẹ́jọ lójúmọ́ ni màlúù tí ara rẹ̀ le fi ń jẹ àpọ̀jẹ. Lọ́sàn-án, nígbà tí wọ́n bá dùbúlẹ̀, rìn láàárín wọn kí o wo ẹnu wọn. Èyí tó dùbúlẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ dákẹ́, padà lọ wò ó lẹ́yìn wákàtí kan.

Jáde lọ sínú pápá pẹ̀lú. Fi igi ṣí ìgbẹ́ tó ti pé ọjọ́ mẹ́ta. Tí yímíyímí bá ti lu ihò sí i, tí ekòló ti ń bọ̀ lábẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ yẹn ń jẹun. Mo ti rí pápá tí ìgbẹ́ gbẹ lórí rẹ̀ bí páálí láti oṣù karùn-ún títí di oṣù kẹjọ, tí koríko ò lè hù lábẹ́ rẹ̀, nítorí oògùn aràn tí wọ́n fún àwọn màlúù ibẹ̀ jáde pẹ̀lú ìgbẹ́, ó sì pa àwọn kòkòrò tó yẹ kó jẹ ẹ́. Ìgbà yẹn ni mo rántí bàbá mi ní Ìsẹ́yìn. Lẹ́yìn ìkórè, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń lọ bẹ Fúlàní tí ìyàwó rẹ̀ ń ta wàrà fún wa, èyí tó fi omi ewé bọmubọmu mú dì, pé kó kó màlúù rẹ̀ wá sùn sórí oko wa. Àgbàdo ibẹ̀ lọ́dún kejì máa ń dúdú minimini. Bàbá mi ò gbọ́ orúkọ Steiner rí títí ó fi kú.

Àwọn màlúù tí wàá bá á ní ìwo. Demeter kò gbà kí á sun ìwo ọmọ màlúù. Ní oko mìíràn, irin gbígbóná ni wọ́n ń fi jó o lórí nígbà tí kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo ní agbègbè yẹn débi pé ní ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá ọdún 2018, gbogbo Switzerland dìbò lórí rẹ̀, nítorí àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Armin Capaul fẹ́ kí ìjọba máa fún àwọn tó bá fi ìwo sílẹ̀ lórí ẹran wọn lówó. Nǹkan bí ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún ló sọ pé rárá. Ìwọ fi ọwọ́ rẹ sí ìdí ìwo màlúù kan láàárọ̀ òtútù, wàá rí i pé ó gbóná: ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mọ̀ pé ẹni tó bá fi ìwo sílẹ̀ gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀. Ọ̀nà inú ilé ẹran gbọ́dọ̀ fẹ̀, kó má sì sí kọ̀rọ̀ tí a ti lè há èyí tó kéré mọ́. Má gba àárín àwọn méjì tí ń figa gbága kọjá láé.

Wọn yóò tún fi ìwo mìíràn hàn ọ́. Ní ìgbà ìwọ́wé, wọ́n á ki ìgbẹ́ màlúù sínú ìwo abo màlúù, wọ́n á rì í mọ́lẹ̀ títí òtútù á fi kọjá. Tí wọ́n bá hú u, kì í rùn mọ́. Òórùn ilẹ̀ igbó lẹ́yìn òjò ló máa ń ní. Wọ́n á po díẹ̀ mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún wákàtí kan gbáko. Wàá rò ó yípo títí àárín omi á fi jìn bí kànga, wàá sì dá a padà lójijì sí òdìkejì, lẹ́yìn náà ẹ ó wọ́n ọn sórí oko. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ní Therwil, ní Switzerland, láti ọdún 1978 ni wọ́n ti ń gbin nǹkan lọ́nà Steiner yìí àti lọ́nà ajílẹ̀ oníkẹ́míkà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nígbà tí àbájáde ọdún 21 jáde ní 2002, irè oko tí kò lo kẹ́míkà fi nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti èkejì, ṣùgbọ́n ekòló àti ohun abẹ̀mí inú ilẹ̀ rẹ̀ pọ̀ ju ti èkejì lọ. Ní tèmi, ajílẹ̀ tó jẹrà dáadáa ni mo gbà pé ó ṣe é. Síbẹ̀, tí wọ́n bá pè ọ́ wá ro omi náà, rò ó tọkàntọkàn. Ọjọ́ tí a bá ń wọ́n ọn nìkan ni mo máa ń fi ẹsẹ̀ mi tẹ gbogbo igun oko.

Jẹ́ kí n sọ ti màlúù kan tó ń jẹ́ Liesl fún ọ. Ọjọ́ Sátidé kan ni, ní ọdún kẹta mi. Ọ̀rẹ́ mi kan ń sọ ọmọ lórúkọ ní Munich, mo sì fẹ́ bá ọkọ̀ ojú irin. Ó yẹ kí n fún wàrà díẹ̀ láti orí ọmú kọ̀ọ̀kan sínú ife dúdú, kí n wò ó, kí n tó so ẹ̀rọ mọ́ ọn. Mo fo ti Liesl. Ó gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sókè lẹ́ẹ̀mejì, mo ní kó dúró jẹ́ẹ́. Nígbà tí mo fi padà dé lálẹ́, apá kan ọmú rẹ̀ ti le bí òkúta, ó gbóná, ohun tó ń jáde níbẹ̀ dà bí ògì tó ti dì nínú omi. Dókítà ẹran gún un lábẹ́rẹ́, ó yè, ṣùgbọ́n apá yẹn kò mú wàrà wá mọ́ láéláé. Bàbá olóko kò bú mi. Ó kàn ní kí n máa fi ọwọ́ fún Liesl fúnra mi fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí n gbé orí lé ìhà rẹ̀, kí n máa gbọ́ bí inú rẹ̀ ṣe ń kù.

Nítorí èyí ni mo fi ń bẹ̀ ọ́: tí o bá bá àwọn tó ń fẹ́ fi ewé nìkan wo gbogbo àìsàn, má bá wọn dúró. Demeter kò ka abẹ́rẹ́ léèwọ̀ fún ẹran tó ń jẹ̀rora. Ohun tí òfin sọ ni pé wàrà rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ ọjà títí ìlọ́po méjì iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára oògùn á fi pé. Ta wàrà yẹn nù, má ro owó rẹ̀.

Ti àwọn ọmọ màlúù ló máa ṣòro jù fún ọ. Ìyá wọn kì í fi agbára ìdènà àrùn sára wọn nínú oyún; inú wàrà àkọ́fún, èyí tó pọ́n bíi pupa ẹyin, ló wà. Rí i pé ọmọ mu ún láàárín wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́, kódà bó jẹ́ aago mẹ́ta òru. Èyí tó bá sì jẹ́ akọ nínú wọn, púpọ̀ wọn ló ń lọ sọ́dọ̀ alápatà. Kò sí wàrà láìsí ìbímọ, kò sì sí oko tó lè tọ́jú gbogbo akọ. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èyí pamọ́ fún ọ, má sì jẹ́ kí ìyẹn mú ọ ṣíwọ́ nínífẹ̀ẹ́ wọn.

Mo mọ̀ pé Ọ̀kè-Ògùn lo fẹ́ padà sí. Má kó màlúù Allgäu wá sílé o. Ooru àti eṣinṣin tó ń gbé àrùn oorun á pa wọ́n. Màlúù funfun Fúlàní ń bẹ ńlẹ̀, muturu kúkúrú ń bẹ tí àrùn yẹn kì í tètè mú. Bí a ṣe ń wo màlúù ni kí o kó wá.

Òtútù ibẹ̀ á mú ọ lọ́dún àkọ́kọ́, inú ilé ẹran ló sì gbóná jù, má tijú láti jókòó síbẹ̀. Tó bá di bí oṣù karùn-ún, wọ́n á ṣílẹ̀kùn fún wọn láti jáde sí pápá. Àgbà màlúù tó ti bímọ mẹ́jọ á máa fò sókè bí ọmọ ewúrẹ́. Pè mí lọ́jọ́ náà, Àkànní. Má sọ nǹkan kan, kàn na fóònù síwájú, kí n gbọ́ agogo ọrùn wọn.