Ọkọ̀ Ìgbòkun Wo Ló Lè La Òkun Já?
Odò Asà la ní n'Ílọrin, àmọ́ físíìsì ò yọ ìlú kankan sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń wá ọkọ̀ ìgbòkun fún ìrìn jíjìn, ẹ bèèrè pé: bí ìgbì bá dojú ẹ̀ dé, ṣé á dìde?

Ọkọ̀ onídìí kan ń gbé òjé tàbí irin sísàlẹ̀; ìwúwo yẹn ló ń fà á dìde. Catamaran onídìí méjì fẹ̀, kì í fì púpọ̀, àmọ́ tó bá dojú dé, á dúró bẹ́ẹ̀ ni.

Bill Pinkney, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, fi Valiant 47 onídìí kan dá yí ayé ká láàárín 1990 sí 1992, ó gba Cape Horn. Tèmi náà, onídìí kan ni màá mú.

Ẹ dán an wò: ẹ so òkúta kékeré mọ́ ẹ̀gbẹ́ ike omi òfìfo tẹ́ ẹ dé pa, ẹ gbé e sínú bàsíà omi, ẹ yí òkúta sókè, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀.